Èsì: Ọjọ́ kan ṣoṣo ní Delhi

Ẹ kú ètò ìrìn àjò o. Red Fort (ààfin olódi àtijọ́) àti oúnjẹ òpópónà lọ́jọ́ kan náà tí ẹ béèrè, ó ṣeé ṣe, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè. Red Fort kì í ṣí lọ́jọ́ náà.

Ẹ wọ mẹ́tírò, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, dé ibùdókọ̀ Lal Qila tó wà lẹ́bàá Red Fort láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Tí ẹ bá jáde ní Red Fort, ẹ fẹsẹ̀ rìn wọ ọjà Chandni Chowk lọ sí Paranthe Wali Gali, òpópónà tóóró tí wọ́n ti ń ta paratha, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ. Paratha ibẹ̀, inú òróró ni wọ́n ti ń dín in, pòtétò wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ti tó yín, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún jalebi gbígbóná, ìpanu dídín tí wọ́n rẹ sínú omi ṣúgà.

Golgappa, ìpanu kékeré oníhò tí wọ́n ń bu omi aláta sí? Ó dùn, àmọ́ omi inú rẹ̀ lè da ikùn àlejò rú. Èmi ò ní fẹnu kàn án.

Jama Masjid, mọ́ṣáláṣí ńlá, ò jìnnà síbẹ̀. Ẹ múra tó bo apá àti ẹsẹ̀, ẹ má sì lọ lásìkò ìrun.