Ẹ má fowó ra òkè tí ẹ ò ní gùn

Ìbéèrè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òbí wa lókè òkun. Leeds là ń gbé, àmọ́ Òṣogbo ni èmi àtàwọn ọmọ wà báyìí, nílé màmá mi ní Òkè-Fìà, títí ọdún Ọ̀ṣun á fi parí. Bàbá wọn ti gba ilé ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ ní La Plagne, lórí àwọn òkè Alps ní ilẹ̀ Faransé, fún ìsinmi oṣù kejì. Òun nìkan ló mọ síkì í ṣe nínú wa, ìyẹn kéèyàn fi pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ wálẹ̀ lórí yìnyín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Tèmítọ́pẹ́, àbúrò rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Màmá mi náà fẹ́ bá wa lọ. Páàsì mẹ́ta ni mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ti La Plagne nìkan, èyí tó so Les Arcs, ibùdó síkì tó wà nítòsí, mọ́ ọn tí wọ́n ń pè ní Paradiski, àti ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Bàbá wọn ní ká ra Paradiski fún gbogbo wa, kọ́kàn wa lè balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́

Ìdáhùn

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, ẹ kú ọdún o, ẹ bá wa kí Màmá. Ọmọ Òṣogbo lèmi náà, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun nilé bàbá wa wà. Lyon ni mò ń gbé, àwọn òkè yẹn kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ sì làwọn ọmọ mi ti kọ́ síkì.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ra Paradiski fún gbogbo ilé. Páàsì síkì, owó wíwọ ẹ̀rọ ni: àwọn àga tí wáyà ń fà gòkè, àtàwọn yàrá onígíláàsì tó ń gbé èèyàn kọjá lójú òfuurufú. Bí ẹ̀rọ tí ẹ lè wọ̀ bá ṣe pọ̀ tó lowó ṣe ń ga tó. Ọ̀nà síkì La Plagne nìkan tó nǹkan bíi kìlómítà 225. Tí ẹ bá fi Les Arcs kún un, ó di nǹkan bíi 425. Kí lẹni tí kò wọ bàtà síkì rí fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe lọ́sẹ̀ kan?

Pápá kékeré kan ni Tèmítọ́pẹ́ máa kọ́kọ́ lò. Bẹ́líìtì kan ń rìn nílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ á dúró lé e, á rọra gbé e lọ sókè díẹ̀, á yọ̀ wálẹ̀, á ṣubú sínú yìnyín, olùkọ́ á fà á dìde, á tún gba orí bẹ́líìtì lọ. Gbogbo àárọ̀ á lọ bẹ́ẹ̀, inú ọmọ á sì máa dùn. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó síkì ní Faransé, ọ̀fẹ́ ni irú ẹ̀rọ kéékèèké bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n ní páàsì olówó pọ́ọ́kú fún un. Torí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi iléèwé síkì tí ẹ fẹ́ fi í sí pé páàsì wo ni kíláàsì rẹ̀ máa lò, àti láti ọjọ́ wo. Ohun kan náà ni fún ẹ̀yin fúnra yín: ẹ má san ti ọjọ́ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́sẹ̀ yín bá ti ń gbọ́ràn láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ ra ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ní ti àbúrò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ibùdó wọ̀nyẹn kì í gbowó lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Síbẹ̀ wọ́n máa ń béèrè ẹ̀rí ọjọ́ orí, ẹ mú páspọ́ọ̀tù rẹ̀ dání. Tó bá máa pé márùn-ún kí oṣù kejì tó dé, ẹ fowó tiẹ̀ kún ìṣirò yín.

Bàbá wọn nìkan ni Paradiski lè tọ́ sí, bí wọ́n bá máa rí ọjọ́ lò ó. Ẹ̀rọ alájà méjì kan tí wọ́n ń pè ní Vanoise Express ló so ìhà méjèèjì pọ̀ láti ọdún 2003; ó ń gbé igba èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kọjá lórí àfonífojì jíjìn. Ẹni tó bá lọ sí Les Arcs gbọ́dọ̀ padà kí ẹ̀rọ náà tó tì nírọ̀lẹ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ takisí ló kù, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré torí ọ̀nà yípo gan-an. Bí atẹ́gùn bá le, ó lè má ṣiṣẹ́ rárá. Bàbá tó gbọ́dọ̀ mú ọmọ nílé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án kò ní lè máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Kí wọ́n ra ti La Plagne, kí wọ́n bi àwọn tó ń tà á bóyá wọ́n lè san àfikún ọjọ́ kan lọ́jọ́ tójú ọjọ́ bá dáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé adójútòfò. Páàsì kò san owó àwọn tó ń gbé ẹni tó fara pa sọ̀kalẹ̀ látorí òkè, káàdì ìlera GHIC tí ẹ gbà ní Ìlú Ọba náà kò sì san án. Ẹ lè fi adójútòfò síkì tí wọ́n ń pè ní Carré Neige kún páàsì nígbà tí ẹ bá ń rà á, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀, tàbí kí ẹ ra adójútòfò tó dárúkọ síkì ní kedere. Tí káàdì páàsì bá sì ti dọ́wọ́ yín, àpò òsì ni kó dá wà, kí fóònù má sún mọ́ ọn, kí géètì tí ẹ máa gbà wọ ẹ̀rọ lè kà á.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló ká mi lára jù. Páàsì wà fún ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, tí kò ní ṣe síkì: wọ́n á fi gòkè, wọ́n á wo òkè funfun lọ rẹrẹ, wọ́n á tún fi sọ̀kalẹ̀, kò sì wọ́n tó ti síkì. Àmọ́ físà Ìlú Ọba kò gbé páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà wọ Faransé. Físà Schengen, tí Faransé àtàwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan jọ ń lò, ni wọ́n nílò, ẹni tó bá sì wá ṣe àbẹ̀wò sí Ìlú Ọba lásán kì í sábà lè gbà á níbẹ̀. Láti Nàìjíríà ni kí wọ́n ti béèrè, ní Èkó tàbí Àbújá, pẹ̀lú adójútòfò ìrìnàjò tó tó 30,000 yúrò, ó kéré tán. Láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò ni wọ́n ti ń gba ìwé. Ọdún Ọ̀ṣun rèé, oṣù kejì kò jìnnà mọ́. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ bá Màmá jókòó, ẹ wo ọjọ́ tí páspọ́ọ̀tù wọn máa parí, kí ẹ sì gba àyè ìpàdé físà sílẹ̀ fún wọn.