Kó o tó yan ìṣẹ̀lẹ̀, wo ohun tí trigger ti yàn

Àbúrò, o ní òkè pátíkù Z yọ dáadáa nínú àwòrán rẹ ní 91 GeV (òṣùwọ̀n agbára àti ìwúwo pátíkù) nígbà tó o so muon (pátíkù tó dà bí elẹ́kítírónì, àmọ́ tó wúwo jù ú lọ) méjì-méjì pọ̀ nínú data 2012 ti CMS, ẹ̀rọ tó ń ka ìkọlù proton ní LHC, ṣùgbọ́n òkè J/ψ, pátíkù míì tó yẹ kó wà ní 3.1 GeV, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Kóòdù rẹ ò ṣìnà o. Èmi náà ti bá data yìí wọ̀yá ìjà láti Ìjẹ̀bú-Òde níbí, lórí láàpútọ́ọ̀pù àti jẹnẹrétọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n dájú pé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ṣa èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣẹ̀lẹ̀, ìyẹn ìkọlù kọ̀ọ̀kan, dànù. Asẹ́ tó ń ṣe é lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè ní trigger.

Wọ́n kọ́ LHC, ẹ̀rọ tó ń mú proton sáré kọlu ara wọn, kí ìdì proton lè máa pàdé ní mílíọ̀nù 40 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibo ni wọ́n fẹ́ kó gbogbo ìyẹn sí? Ìpele àkọ́kọ́ trigger CMS ní nǹkan bíi microsecond 4 péré láti pinnu, bíi 100,000 ló sì ń jẹ́ kó kọjá. Lọ́dún 2012, kọ̀ǹpútà ìpele kejì tún dín ìyẹn kù sí bíi 1,000 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá tó ń jọ gàrí lọ́dọ̀ wa ṣì lè kó èyí tó kù lórí asẹ́ fún ewúrẹ́. Èyí tí trigger bá jù nù, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́.

Wo orúkọ trigger ìpele kejì kan, HLT_Mu17_Mu8. Muon kan gbọ́dọ̀ ní pT (ipá ìsáré rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí proton gbà) tó ju 17 GeV lọ, kí èkejì ju 8 lọ. Z wúwo: bó tiẹ̀ dúró lójú kan, muon rẹ̀ kọ̀ọ̀kan á ní agbára bíi 45 GeV. J/ψ fúyẹ́, àfi tó bá ń sáré gidi ni muon rẹ̀ fi lè kọjá. Àwòrán tí gbogbo òkè ti yọ, trigger oríṣiríṣi ni wọ́n pa pọ̀ ṣe é.

Tó o bá ń yan muon tìrẹ, má gé pT wọn sí 17 àti 8 gẹ́lẹ́. Lẹ́bàá ààlà, trigger a máa mú díẹ̀, a sì fi díẹ̀ sílẹ̀. 20 àti 10 lèmi máa ń lò. Wo prescale náà, ìyẹn iye ìṣẹ̀lẹ̀ tó yege tí trigger fi ń mú ẹyọ kan ṣoṣo.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kéèyàn máa yí ààlà padà títí òkè á fi ga. Jọ̀wọ́, má ṣe é. Lọ́dún 2012, CMS bo agbègbè tí wọ́n ti ń retí pátíkù Higgs, wọn ò yọjú wò ó títí wọ́n fi parí àṣàyàn wọn, kí wọ́n tó kéde ní ọjọ́ 4 oṣù Keje.

Tó bá jẹ́ J/ψ ló wù ọ́, àkójọ data CMS tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MuOnia ni kó o lọ gbà. Fáìlì kan ṣoṣo ni kó o kọ́kọ́ mú, kó o ka orúkọ trigger inú rẹ̀ kó o tó náwó íntánẹ́ẹ̀tì sórí ìyókù.