Má sé èémí mọ́nú nítorí àwòrán ẹṣin òkun

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo gba ìwé-ẹ̀rí skúbà (ká gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn rì sódò), abẹ́ afárá Blue Heron ní Riviera Beach, ní Florida níbí, ni mo sì ń lọ jù. Àwọn nǹkan kéékèèké ni mo fẹ́ràn láti yà: ẹṣin òkun, igbín òkun, edé wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n àwòrán mi máa ń rí bàìbàì, iyanrìn á sì kún inú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa sé èémí mọ́nú tí mo bá fẹ́ tẹ kámẹ́rà, kí ara mi lè dúró, kí ìhó omi má sì lé ẹja lọ. Ó ní kò léwu, torí pé omi ibẹ̀ kò ju mítà 5 tàbí 6 lọ. Mo ti ń ṣe é, ó sì jọ pé ó ń ràn mí lọ́wọ́. Lẹ́ǹsì wo ni kí n rà báyìí, tí mo fi lè máa yà wọ́n láti òkèèrè láì dà wọ́n láàmú?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, màá dé orí ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kàn. Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà rẹ tó já mi láyà: "Mo ti ń ṣe é." Jọ̀ọ́, má ṣe é mọ́. Ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ì báà jẹ́ pé akọ ẹṣin òkun tó lóyún ló dúró síwájú rẹ (akọ ni í gbé ọmọ nínú ìran tiwọn), má sé èémí mọ́nú nígbà tí sílíńdà bá wà lẹ́yìn rẹ.

Ìwọ kọ́ ni mo ń bínú sí. Àwọn tó ń gbé ìmọ̀ràn yìí kiri bí ẹni ń polówó oògùn gbogboǹṣe nínú mọ́tò ni mo ń bínú sí. Ó tó ẹni mẹ́rin tó ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí lọ́dún yìí nìkan, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì fẹ̀yìn tì: omi ò jìn.

Omi tí kò jìn yẹn gan-an ni mo bẹ̀rù jù tó bá di ọ̀rọ̀ èémí. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká lórí ilẹ̀ ní ìwúwo tirẹ̀ tó fi ń tẹ̀ wá. Jẹ́ ká pe ìtẹ̀ yẹn ní 1. Tí o bá rì dé mítà 10 nínú omi òkun, omi tó wà lórí rẹ á fi 1 mìíràn kún un, ó di 2. Ní mítà 20 ó di 3, ní mítà 30 ó di 4. Láti 1662 ni Robert Boyle ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ìtẹ̀ bá ṣe ń dín kù ni afẹ́fẹ́ ń fẹ̀ sí i. Wàyí o, mú lítà afẹ́fẹ́ 6, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ẹ̀dọ̀fóró géńdé ọkùnrin lè gbà. Tí o bá gbé e láti mítà 30 bọ̀ sí mítà 20, ó di lítà 8. Tí o bá gbé e láti mítà 10 bọ̀ sókè omi, ó di lítà 12. Mítà 10 náà ni o gùn lẹ́ẹ̀mejèèjì, ṣùgbọ́n èyí tó wà nítòsí òkè ló sọ afẹ́fẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ní mítà 5 tí ọ̀rẹ́ rẹ fi ń fọkàn rẹ balẹ̀, lítà 6 yẹn á di 9 kí o tó yọrí. Ibo ni kí lítà 3 tó lé yẹn gbà? Tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ bá ṣí, á bá ẹnu jáde, o ò tilẹ̀ ní mọ̀. Tí o bá ti sé e, ara ẹ̀dọ̀fóró ló máa tì. Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ̀rá pọ́ọ̀-wọ́tà nígbà tí a wà ní kékeré, tí a ó di ẹnu rẹ̀, tí a ó sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó bú gbàù? Àwọn àpò kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró fẹ́lẹ́ ju ọ̀rá yẹn lọ fíìfíì. Ó ti ya fún ẹni tó gba èémí kún àyà nínú omi tí kò ju mítà 1.2 lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá máa ga ju omi yẹn lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé, "Àǹtí, àwọn ọmọ Ìlàjẹ ńkọ́? Wọ́n ń sé èémí rì sódò láti kékeré, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan." Òótọ́ ni, àlàyé rẹ̀ kò sì le. Afẹ́fẹ́ òkè ni wọ́n gbé wọ omi. Bí wọ́n ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni omi ń tẹ̀ ẹ́ kéré, bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ ló ń tóbi, tí wọ́n bá yọrí, kò lè ju ohun tí wọ́n gbé lọ. Ewu tiwọn wà lọ́tọ̀, àmọ́ kì í ṣe èyí. Ìwọ ní tìrẹ, ìsàlẹ̀ lo ti mí in. Afẹ́fẹ́ tí rẹ́gúlétọ̀ ń gbé sí ọ lẹ́nu máa ń ki ní ìwọ̀n bí ibi tí o wà bá ṣe jìn tó. Ẹrù tí o kò gbé lọ lo ń gbé bọ̀.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo dúró létí omi nígbà tí ọkùnrin kan jáde, kámẹ́rà ńlá so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kò ju mítà 4 lọ níbi tó wà. Igbín òkun kan ló ń yà, ó sé èémí, ìgbì ọkọ̀ kan tó ń kọjá fà á sókè, kó tó mọ̀ orí rẹ̀ ti yọ. Ẹ̀rín ló ń rín bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó tín-ín-rín bí ohùn ọmọdé, ó sì ní àyà ń dun òun díẹ̀. Mo fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀, lókè eegun èjìká. Awọ ibẹ̀ ń dún pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka mi, bí ìgbà tí èèyàn bá ń tẹ ìrẹsì gbígbẹ nínú ọ̀rá. Afẹ́fẹ́ ló ti jò láti inú ẹ̀dọ̀fóró, tó gba àárín àyà gòkè wá sábẹ́ awọ. A fún un ní ọ́síjìn, áńbúláǹsì sì gbé e lọ. Ó yè é. Ká ní inú ẹ̀jẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà bọ́ sí ni, á gba inú ọkàn lọ sí ọpọlọ, ohun tí à bá sì rí ni ohun tí à ń rí lára ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù: kí apá kan rọ, kí ọ̀rọ̀ lọ́, kí èèyàn dákú kí ìṣẹ́jú 10 tó pé. Ọkùnrin yẹn sì sọ fún mi pé kò sí ìrora kankan tó kìlọ̀ fún òun lábẹ́ omi. Ẹ̀dọ̀fóró kì í sábà kígbe kó tó ya.

Iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ ní sísé èémí ń ṣe gan-an, kì í ṣe é. Lítà afẹ́fẹ́ kan tó lé nínú àyà rẹ máa ń gbé ọ sókè bí ìgbà tí wọ́n bá yọ kílò kan kúrò nínú òjé tí o so mọ́ ìdí kí o lè rì. Nítorí náà, ẹni tó bá mí kíkún tó sì sé e ti bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. Á wá máa fi ẹsẹ̀ wa omi kó má baà lọ sókè, ẹsẹ̀ yẹn ló sì ń tú iyanrìn tí o rí nínú àwòrán rẹ. O rò pé èémí ló ń ràn ọ́ lọ́wọ́, òun gan-an ló ń bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ pé ìhó ń lé ẹja, mi ò sọ pé irọ́ ni pátápátá. Àwọn ẹja kan ń sá fún un. Ṣùgbọ́n ìhó ń lọ sókè, ẹranko tí o ń yà wà níwájú rẹ. Òjijì ni wọ́n ń sá fún jù, àti òjìji rẹ tó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Lábẹ́ afárá yẹn ni ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní banded jawfish, inú ihò ilẹ̀ ló ń gbé, akọ ló sì ń fi ẹnu gbé ẹyin títí wọn yóò fi pa. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sún mọ́ ọn, ó wọlé lọ. Mo dúró síbẹ̀, mò ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́, ìhó ń lọ sókè lẹ́yìn etí mi. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ojú rẹ̀ tó yọ, lẹ́yìn náà orí, lẹ́yìn náà ó la ẹnu. Ẹyin kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n ti fẹ́ pa, ojú ọmọ kọ̀ọ̀kan ń dán bí fàdákà. Ó tu wọ́n síwájú díẹ̀ kí omi tuntun lè gba àárín wọn, ó sì tún fà wọ́n wọlé. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta níṣojú mi. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Ohun tí o nílò ni kí o tún òjé ìdí rẹ wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ẹni tuntun ló ń gbé òjé jù tàbí kó kéré jù. Nígbà tí sílíńdà rẹ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì rẹ sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ ti lè kanlẹ̀. Orí omi ni o wà, o lè dá èémí lásán dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kí omi dé ibi ojú rẹ, tí o bá sì mí síta, kí o máa rì díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí sílíńdà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán torí pé afẹ́fẹ́ inú sílíńdà alumíníọ̀mù ńlá tó wọ́pọ̀ níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 2.5 fúnra rẹ̀. Bí o ṣe ń mí in tán ni o ń fúyẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, máa mí fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀ láì dáwọ́ dúró, kí o sì tẹ kámẹ́rà nígbà tí èémí bá ń jáde lọ sí òpin. Gbé ẹsẹ̀ sókè ju ara lọ. Tí o bá fẹ́ kanlẹ̀, ìka kan lórí iyanrìn lásán ti tó, kí o ti wò ó dáadáa pé kò sí nǹkan alààyè níbẹ̀.

Lẹ́ǹsì wàyí. Má ra èyí tí wọ́n fi ń ya nǹkan láti òkèèrè. Omi tó wà láàárín ìwọ àti ẹranko ni ọ̀tá àwòrán rẹ: òun ló ń gbé àwọ̀ pupa mì ṣáájú gbogbo àwọ̀, òun náà ló sì gbé ìdọ̀tí tí fíláàṣì ń tàn sí. Sún mọ́ ọn, fẹ̀sọ̀ sún mọ́ ọn, kí o sì darí fíláàṣì síta díẹ̀ kó má kọjú sí ẹranko gan-an. Lẹ́ǹsì makro (èyí tí wọ́n fi ń ya nǹkan kéékèèké nítòsí) mílímítà 60 tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Tí owó bá há, kámẹ́rà kékeré Olympus TG-6 lè rí nǹkan tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 1 síwájú rẹ̀, kò sì nílò àpótí tí kì í jẹ́ kí omi wọ kámẹ́rà nínú omi tí kò tó mítà 15. Má fọwọ́ kan ẹṣin òkun láti yí i padà fún àwòrán. Ìrù rẹ̀ ló fi di koríko mú, tí o bá já a kúrò, ìṣàn omi ló máa gbé e lọ.

Bàìbàì tí o ń sọ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o wọ omi ní àkókò tí kò yẹ. Nígbà tí òkun bá kún dé góńgó ni omi mímọ́ láti òkun máa ń wọ inú ọ̀sà yẹn. Máa wọlé ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú, kí o sì jáde kí wákàtí kan tó kọjá lẹ́yìn rẹ̀, torí ìṣàn ibẹ̀ kì í ṣeré. Àkókò náà ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́, nítorí náà máa wo tábìlì àkókò tí òkun ń kún. Gbé àsíá pupa onílà funfun dání, òfin ìpínlẹ̀ ni, ọkọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀.

Mi ò kì í ṣe dókítà o. Tí ikọ́, àyà dídùn, ohùn tó yí padà, òòyì tàbí ẹsẹ̀ tó kú tìpìrì bá tẹ̀ lé ìwẹ̀ rẹ, pe 911 lójú ẹsẹ̀, béèrè ọ́síjìn, kí o sì sọ fún wọn pé skúbà lo ti ń bọ̀, torí ìyẹ̀wù ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ (yàrá tí wọ́n ti ń mú kí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i láti fi tọ́jú èèyàn) lè jẹ́ ìtọ́jú rẹ. Àwọn DAN (Divers Alert Network, àjọ tó ń rí sí ààbò àwọn tó ń fi skúbà rì) ní láìnì pàjáwìrì tí dókítà lè bá sọ̀rọ̀. Tí o bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, tàbí tí òtútù bá mú ọ, rí dókítà tó mọ skúbà kí o tó tún wọ omi. Níwọ̀n ìgbà tí o sì ti ń sé èémí láti ìgbà yìí wá, mo fẹ́ kí ó yẹ̀ ọ́ wò bí ara rẹ bá tilẹ̀ dá ṣáṣá.

Nígbà méjì àkọ́kọ́ tí o bá padà lọ, fi kámẹ́rà sílẹ̀ sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ. Wá ẹṣin òkun kan nínú koríko, dúró síwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o máa mí.