Ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ Mustang fóòmù: ohun tí ojú mi ti rí

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè ẹ. Mustang fóòmù oní-mítà 1.4 (ọkọ̀ òfurufú kékeré tí a ń fi rìmóòtù darí, tí wọ́n ṣe bí ọkọ̀ ogun òfurufú Mustang), ẹsẹ̀ táyà rẹ̀ ń ká wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ihò táyà ṣí sílẹ̀ gbayawu lábẹ́ rẹ̀, ojú sì ń tì ẹ́ tó bá ń fò kọjá lórí àwọn èèyàn, o wá ń béèrè bí o ṣe máa fi ilẹ̀kùn bo ihò náà. Ẹnì kan ti sọ fún ẹ pé kí o ra servo kékeré méjì (mọ́tò tó ń yí ọwọ́ rẹ̀ síbi tí rìmóòtù bá ní kó dé), kí o so wọ́n mọ́ channel ẹsẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí àṣẹ rìmóòtù ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀, ó parí. Ìmọ̀ràn yẹn náà ni èmi gbà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ kan ni mo fi san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo dojú ọkọ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, mo ń ká ẹsẹ̀ wọlé, mo ń yọ ọ́ jáde. Mo dín eré servo ilẹ̀kùn kù títí ilẹ̀kùn fi ń pa dé kété tí táyà bá wọlé tán. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Ohun tí mi ò rò ni pé, nígbà tí ọkọ̀ bá dojú délẹ̀, ìwúwo táyà fúnra rẹ̀ ló ń bá a wọ inú ihò. Lójú òfurufú, mọ́tò ẹsẹ̀ ló máa gbé e sókè, ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí mo gbé e fò, ilẹ̀kùn ṣáájú táyà délé, táyà há sára rẹ̀. Mọ́tò ẹsẹ̀ gbọ́n: tó bá ti rí i pé nǹkan le, á dúró. Servo ò ní ọgbọ́n yẹn, ńṣe ló ń tì, tó ń tì, tó ń mu iná bí ẹni mu omi. BEC (ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná bátìrì kù) kan náà tó ń fún rìsífà (ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń gba àṣẹ rìmóòtù) níná ni servo ń mu iná láti ara rẹ̀. Iná rìsífà lọ. Mo ń fa ọ̀pá rìmóòtù, ọkọ̀ ò dá mi lóhùn mọ́. Inú igbó tó wà lẹ́yìn pápá ni mo ti lọ ṣa á.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé ẹ ni pé, ní gbogbo ìgbà tí o bá yí súwíìṣì, ẹsẹ̀ ń rìn lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀kùn ń rìn lẹ́ẹ̀mejì. Ìbáà jẹ́ pé ẹsẹ̀ ń jáde, ìbáà jẹ́ pé ó ń wọlé, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí, kó dúró kí táyà kọjá, kó tó pa dé. Bí Mustang gidi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. (Ilẹ̀kùn inú ni mò ń sọ. Ti ìta tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ń bá ẹsẹ̀ rìn, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ.) Ṣùgbọ́n wo àwòrán P-51D (irú Mustang gidi kan) tó dúró sílẹ̀ tí wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀: ilẹ̀kùn inú sábà máa ń rọ̀ wálẹ̀, nítorí agbára òróró tó gbé e dúró ti ń tú díẹ̀díẹ̀. Tí tìẹ náà bá rọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ wà níta, ẹni tó mọ Mustang ò ní bá ẹ jà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò máa sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lo rọ́bà àti òwú. Rọ́bà tín-ínrín á máa fa ilẹ̀kùn ṣí. Òwú tí o ta kọjá ihò, táyà á tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń wọlé, òwú á fa ilẹ̀kùn pa dé. Kò sí servo, kò sí iná, kò sí ètò kankan nínú rìmóòtù. Koríko nìkan ni ọ̀tá rẹ̀. Ilẹ̀kùn tó rọ̀ wálẹ̀ máa ń gbá koríko nígbà tí ọkọ̀ bá ń balẹ̀, pápá tiwa sì rèé, koríko ni látòkè délẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ya mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó gbà.

Tí pápá tìẹ náà bá jẹ́ koríko, servo kù. O ní EdgeTX (ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí rìmóòtù) ló wà nínú rìmóòtù ẹ, má wulẹ̀ ra sequencer, ẹ̀rọ tó ń to ìrìn ilẹ̀kùn àti ẹsẹ̀ tẹ̀léra. Mú channel kan tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, èmi máa ń lo 10. Fi súwíìṣì ẹsẹ̀ sí i, kí o fún un ní slow (ìdínkù eré) 6 ní àlọ àti àbọ̀. Channel yìí di agogo ẹ: ìṣẹ́jú àáyá 6 ló máa fi rìn láti ìkangun kan dé èkejì. Wá ṣe logical switch (súwíìṣì tí rìmóòtù fúnra rẹ̀ ń tàn, tó ń pa) |a|<x, kí a jẹ́ CH10 (channel 10 yẹn, ìkangun rẹ̀ méjèèjì jẹ́ -100 àti 100), kí x jẹ́ 98. Á máa tàn níwọ̀n ìgbà tí agogo bá wà lójú ọ̀nà, á kú tó bá dé ìkangun. Òun ni kí o fi ṣí ilẹ̀kùn lórí channel tirẹ̀. Fún channel ẹsẹ̀ ní delay (ìdúró díẹ̀ kó tó rìn) ìṣẹ́jú àáyá 1.5 ní àlọ àti àbọ̀, kí ilẹ̀kùn lè kúrò lọ́nà. Ẹsẹ̀ tèmi ń gba ìṣẹ́jú àáyá 3, àpapọ̀ jẹ́ 4.5, ìyókù jẹ́ ààyè. Fi aago wọn tìẹ kí o tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, kí ọkọ̀ sì wà ní ìdúró rẹ̀ tí o bá ń wọ̀n ọ́n.

Má yí súwíìṣì padà láàárín o. Agogo á yíjú padà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n táyà á kọ́kọ́ dúró de delay tirẹ̀, ilẹ̀kùn á tún ṣáájú rẹ̀ délé. Mo ṣe é lọ́jọ́ tí mo fẹ́ balẹ̀ tí ajá kan sáré wọ pápá. Ilẹ̀kùn kan ló fọ́. Ọkọ̀ ò kú, torí mo ti fún servo ilẹ̀kùn ní UBEC (BEC tó dá dúró) tiwọn látinú bátìrì ńlá, mo sì ti já wáyà pupa wọn, èyí tó ń gbé iná, kúrò lára rìsífà. Ní báyìí mo máa ń ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá kí n tó tún fọwọ́ kan súwíìṣì yẹn.

Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, má lo fóòmù tí o gé jáde, ó nípọn jù, etí rẹ̀ á máa ha. Ìdérí ike áásìkiriìmù ni mo kọ́kọ́ lò, góòmù kankan ò lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́. Plywood 0.8 mm ló gbà mí: rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, dì í mọ́ ìgò tó tẹ̀ bí abẹ́ apá ṣe tẹ̀, fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wáyà 1 mm ni kó lọ láti servo dé ilẹ̀kùn. Tí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, kí ọwọ́ servo àti wáyà náà tò sójú ìlà kan gbọọrọ. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kò sí bí afẹ́fẹ́ ṣe máa fà á tí ọwọ́ servo máa yí, servo á kàn sinmi ni. Tí o bá ṣì gbọ́ tó ń kùn bí oyin, dín ìrìn rẹ̀ kù.

Ya àwòrán abẹ́ apá ẹ fún mi kí o tó fi bíléèdì kàn án. Mo fẹ́ rí ibi tí ọ̀pá carbon tó gbé apá ró gbà kọjá.