Ẹ má fọ kọ́ìn 50 pfennig yẹn

Ẹ ní ẹ rí kọ́ìn Jámánì àtijọ́ kan, 50 pfennig (ìdajì máàkì, owó tí wọ́n ń ná kí yúrò tó dé), èyí tí obìnrin kúnlẹ̀ sí lára, ẹ sì fẹ́ fọ̀ ọ́ kó lè dán kí ẹ tó tà á. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ohun tí mo ṣe sí tèmi nìyẹn, ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ìyá àgbà tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ní Hamburg ló fún mi ní agolo kan tó kún fún pfennig. Mo fi ọṣẹ ìfọyín àti búrọ́ọ̀ṣì ha wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi dán gbinrin. Mo kó wọn lọ bá ẹni tó ń ra kọ́ìn. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e sábẹ́ iná, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ìlà tíntìntín ló kún ara rẹ̀ bí ilẹ̀ tí adìyẹ ha. Ewé igi óákù tí obìnrin náà ń gbìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ó wá ní kí n ka ohun tó yí nọ́ńbà 50 ká: “Bank deutscher Länder”. Ọdún rẹ̀, 1950. Lẹ́tà rẹ̀, G.

Àkọlé 1949 nìyẹn. Ní 1950, “Bundesrepublik Deutschland” ló yẹ kó wà níbẹ̀, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń rọ owó ní Karlsruhe, àwọn ló ni G, ṣì rọ nǹkan bí 30,000 pẹ̀lú àkọlé àtijọ́. Lójú méjèèjì làwọn tó ń kó kọ́ìn jọ fi ń wá a. Ẹni yẹn rọra tì í padà sí mi.

Richard Martin Werner ló ya àwòrán yẹn, Gerda ìyàwó rẹ̀ ló kúnlẹ̀ fún un. Mi ò tíì rí owó tó wù mí tó o: lẹ́yìn ogun tó ba ilẹ̀ jẹ́, igi ni wọ́n ní kí obìnrin máa gbìn.

Bí tiyín bá jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀, Bundesbank, báńkì àpapọ̀ Jámánì, ṣì ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní gbèdéke, máàkì 1.95583 ni yúrò 1, nítorí náà kò ju sẹ́ǹtì 26 lọ. Ẹ fi awò wò ó ná, kí ẹ sọ ọdún, lẹ́tà àti àkọlé rẹ̀ fún mi.