Ṣé àìsàn obìnrin ni ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ìyàwó wa o. Ẹ ní wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń ru nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ẹ wá ń bèèrè bóyá obìnrin nìkan ló ń ṣe, àbí kí ẹ̀yin náà lọ ṣe àyẹ̀wò.

Oṣù 14 ni mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe mí. Láti ìsọ̀ mi ní Sábó, Ìkòròdú níbí, dé ibi tí mo ti ń wọ kẹ̀kẹ́, mo máa ń dúró sinmi ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní ẹ̀jẹ̀ ló tán lára mi. Èkejì ní asthma ni, wọ́n fún mi ní èyí tí wọ́n ń fà sẹ́nu. Dókítà kan wo ojú mi, ó ní ẹ̀yin obìnrin ti ń ronú jù, kí n lọ sùn. Ẹsẹ̀ mi wú, ó ní àbí mo ti lóyún! Wọ́n á wọn ìfúnpá mi, 120 lórí 80, wọ́n á ní ara mi dá ṣáṣá. Inú ṣì ń bí mi. Apá ni ẹ̀rọ yẹn ń wọ̀n, kò mọ ohun tó ń lọ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìgbà tí mo dákú sídìí ọjà ni ẹnì kan tó ní kí wọ́n ṣe echo, ìyẹn fífi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn, tí wọ́n fi rí i pé apá ọ̀tún ọkàn mi ti fẹ̀. Wọ́n tún ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan dé ọkàn kó tó dá wọn lójú.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ìyàwó yín má ṣe lóyún láìbá dókítà ọkàn sọ̀rọ̀. Oyún lè pa á. Bosentan, ọ̀kan lára oògùn àìsàn yìí, lè ba ọmọ inú jẹ́, ó sì lè mú kí oògùn ìfètòsọ́mọ-bíbí má ṣiṣẹ́ mọ́. Bí oníkẹ́míìsì bá fi sildenafil ṣe yẹ̀yẹ́ pé oògùn ọkùnrin ni, ẹ má dá a lóhùn. Ó ń la iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Àmọ́ kò gbọdọ̀ pàdé nitrate, oògùn tí wọ́n ń lò fún àyà dídùn.

Ìbéèrè yín gan-an: rárá, ọkùnrin náà ń ní i. Nínú irú èyí tó ń mú iṣan ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀, obìnrin ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá ní i sábà máa ń tètè kú, torí ọkàn apá ọ̀tún obìnrin ń fara dà á ju tiwọn lọ. Wọ́n fura sí estrogen, èròjà ara tó pọ̀ lára obìnrin, pé ó jọ pé ó ń dá kún àìsàn náà nínú iṣan, síbẹ̀ ó ń ran ọkàn lọ́wọ́.

Kì í ràn, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé: wọ́n ń jogún àbùkù nínú BMPR2, ọ̀kan lára àwọn àbùdá (gene) tí òbí ń fún ọmọ, obìnrin tó jogún rẹ̀ sì ń ṣàìsàn ju ọkùnrin lọ. Nítorí náà àwọn ọmọ yín àti àwọn ọmọ ìyá ìyàwó yín ni kí ẹ fojú sí. Èyí tí èémí rẹ̀ bá ń já tó bá gun àtẹ̀gùn, ìbáà ṣe ọkùnrin, kó lọ ṣe echo.