Ìbéèrè Yín: R ń pẹ́ jù kó tó rí kóòdù kan

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì dá lórí ìdìbò. Fáìlì "pu" tí mo ní gbé kóòdù ibùdó ìdìbò 176,846 tí INEC kà ní 2021, pẹ̀lú iye olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀. Fáìlì "esi" ní ìlà 40,000. Mo fi èdè kọ̀ǹpútà R kọ lúùpù (àṣẹ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe) tó ń wá iye olùdìbò fún kóòdù kọ̀ọ̀kan báyìí: pu$oludibo[pu$koodu == k]. Ó ń gba ìṣẹ́jú 5, mo sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe nígbà 200 fún bootstrap (ṣíṣa ìlà fáìlì náà léraléra láti mọ bí ìṣirò ṣe dájú tó). Bátìrì mi kò lè gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?*
*Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ògbómọ̀ṣọ́*

Àbúrò mi, kọ̀ǹpútà rẹ kọ́ ló lọ́ra. Gbogbo ìgbà tí R bá dé ibi == yẹn, ó ń fi k wé kóòdù 176,846 lọ́kọ̀ọ̀kan, kódà bó jẹ́ àkọ́kọ́ gan-an lò ń wá. Ṣe é lọ́nà 40,000, àfiwé náà lé ní bílíọ̀nù 7. Bootstrap kò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó o nílò ni hash table, ọ̀nà ìtò nǹkan tó ń jẹ́ kéèyàn lọ síbi tó wà tààrà. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti rí i kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Yàrá káàdì ọsíbítù ìjọba kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ la sì ń dúró dè é tá a bá ti jáde nílé ìwé. Aláìsàn á na káàdì wọlé lójú fèrèsé: 04-17-52. Màámi kì í tilẹ̀ wo 04. Pẹpẹ tí wọ́n kọ 52 sí ló ń lọ tààrà, láàárín 00 sí 99, á yẹ fáìlì díẹ̀ tó wà níbẹ̀ wò, ó ti rí i. Mo bi í léèrè ìdí tí wọn kò fi fi nọ́ńbà iwájú tò ó. Ó ní gbogbo aláìsàn tuntun ni ì bá kó jọ sójú kan. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ló ń fọ́n wọn ká.

Bí hash table ṣe rí nìyẹn. R á ṣírò nọ́ńbà kan látinú "30-07-04-012", nọ́ńbà náà ló sì ń sọ pẹpẹ tí yóò lọ. Bí kóòdù méjì bá bọ́ sórí pẹpẹ kan, kò burú, àwọn díẹ̀ yẹn nìkan ni yóò yẹ̀ wò.

Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo kóòdù rẹ ti wà nílẹ̀, match() ti tó ọ. Yóò kọ́ hash table náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dáhùn 40,000 náà pa pọ̀:

ipo <- match(esi$koodu, pu$koodu)
esi$oludibo <- pu$oludibo[ipo]

Má kì í bọ inú lúùpù o, á tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ṣe é kó o tó wọ bootstrap: iye olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ kò yí padà, kí ló dé tí wàá fi wá a nígbà 200? So ó mọ́ esi tán, kó o wá máa ṣa ìlà.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kóòdù ń wọlé, environment (àpótí R tó ń fi orúkọ tọ́jú nǹkan, hash table lòun náà) ni kó o lò:

tabili <- new.env()
tabili[["30-07-04-012"]] <- 750

Lo [[ ]] láti fi kà á. get() lè jáde lọ wá orúkọ náà níbòmíràn bí kò bá sí nínú tabili. Èyí tó sì dùn mí jù lọ: mo kọ b <- tabili nígbà kan, mo rò pé ẹ̀dà ni mo ṣe. Mo pa ìdajì kóòdù rẹ́ nínú b, wọ́n sì pòórá nínú tabili náà, torí ohun kan ṣoṣo ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá àṣìṣe yẹn.

Kó o tó tẹ̀ síwájú, wo sum(is.na(ipo)), ìyẹn iye kóòdù tí match() kò rí. Bí kò bá jẹ́ òdo, ó ṣeé ṣe kí àlàfo wà lẹ́yìn kóòdù kan. Fi trimws() gé e ní fáìlì méjèèjì, kó o tún match() ṣe.